Ẹ̀rọ Omi Tó Dákẹ́ ní Ìsàlẹ̀-Odò

"Yéè! Wọ́n ti pa wá o!"

Alàgbà Elijah Adétúnbọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ omi ní Ìsàlẹ̀-Odò. Àwọn tó wà lóko ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, baba náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ẹ̀rọ omi ṣì wà níbẹ̀. Sólà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lórí òrùlé. Wáyà pé, páìpù pé. Àpótí kékeré kan báyìí, tí kò ju Bíbélì ńlá lọ, òun nìkan ni kò sí lára ògiri mọ́. Kọntirólà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba agbára oòrùn lọ́wọ́ sólà tó ń pín in fún ẹ̀rọ. Tí kò bá sí, ẹ̀rọ kò lè fa omi kódà kó kún ife kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tó, torí ẹni tí kò bá jẹ ìyà ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè wa rí lè máa rò pé àpótí lásán ni. Ìsàlẹ̀-Odò wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlá Ọ̀ràngún lọ sí Ọ̀rà. Àgbẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń dáko níbẹ̀. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, láti oṣù Kejìlá títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, wọ́n máa ń káwọ́ gbera ni. Àgbẹ̀ paraku á wá máa ra gàrí oníkóńgò lọ́jà Ìlá bí ẹni tí kò ní ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìtìjú ni! Ìgbà tí wọ́n dáwó jọ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ni àgbàdo tútù, ata àti tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ọyẹ́, tí ilé kálukú sì ń jẹun.

Àwọn fúnra wọn ló ṣòfin omi náà. Oko mẹ́ta lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Àbámẹ́ta, gbogbo wọn á jọ gbálẹ̀ ojú omi. Ọjọ́ Ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án. Bí wọ́n bá sì bá oko ẹnìkan ní tútù lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, onítọ̀hún pàdánù ìpín ẹ̀ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ alága. Nínú oòrùn oṣù Kejì, ìpín ẹ̀ẹ̀mejì lè pa ata ènìyàn pátápátá. Gbogbo wọn ló bẹ̀rù òfin yẹn ju ẹjọ́ kóòtù lọ.

Aago mẹ́wàá ni Ìnsípẹ́tọ̀ Olúwafọlákẹ́mi Adéwùmí dé láti àgọ́ ọlọ́pàá Ìlá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ Ìgbájọ, tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í yára fìbínú hàn. Ó yẹ àgádágodo ẹnu ọ̀nà wò. Wọn kò fọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ni.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà, bàbá?"

"Mẹ́ta ni," Alàgbà Elijah dáhùn. Òun ni alága àwọn àgbẹ̀ náà. "Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Tèmítáyọ̀, akọ̀wé wa. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ Màmá Jídé, òun ló ń pín omi fún wa."

"Níbo lẹ ń fi tiyín sí?"

Ojú ti baba díẹ̀. "Lára ìṣó, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

"Kí gbogbo ayé lè rí i mú. Ẹ ṣé o, sà." Ìnsípẹ́tọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta lẹ fura sí?"

"Kí lẹ tún ń bi mí sí? Dàda ni! Nínú oṣù Kejìlá, a bá omi lóko rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, tó jẹ́ pé Ìṣẹ́gun ni tirẹ̀. A gba ìpín rẹ̀. Ó dìde láàárín ìpàdé, ó ní bí òun ò bá rómi lò, ẹnikẹ́ni ò ní í rómi lò. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ gbọ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Etí mi méjèèjì yìí ni!"

Bí wọ́n ṣe ń rìn kọjá lóko baba náà, Ìnsípẹ́tọ̀ rí koríko tí wọ́n tẹ́ sórí gbogbo ẹbè ata rẹ̀, ó bò wọ́n dáadáa.

"Koríko yìí ńkọ́, sà?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti tẹ́ ẹ. Kí oòrùn má baà jó gbòǹgbò."

Ìnsípẹ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan. Ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e kò tíì gbẹ. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Dàda dúró dè wọ́n nínú oko tirẹ̀, ó ti múra ìjà. Ọkùnrin tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ni, apá rẹ̀ ki, ẹnu rẹ̀ sì yá.

"Mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wá! Torí pé mo lẹ́nu, àbí? Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ nínú wọn ni kò jalè!"

"Ẹ rọra, bọ̀dá mi. Níbo lẹ wà lánàá?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì, bíi gbogbo ènìyàn. Ìkórè ni. Ọkọ̀ kan náà ló kó gbogbo wa lọ sí Ìlá, òun náà ló sì kó wa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ bi wọ́n."

Ìnsípẹ́tọ̀ kò wojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Erùpẹ̀ gbígbẹ funfun kan wà lórí àwọn ẹbè tòmátì, ó fọ́nká bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ wọ́n ọn. Ó fi imú bàtà wa erùpẹ̀ náà kúrò. Ẹrẹ̀ dúdú jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Háà!" ni ariwo tó ta láàárín àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀lé wọn. "Ẹ rí i? Ẹ wá wo o! Ó jí omi, ó sì jí kọntirólà kí a má baà mọ̀!"

"Ta ló ṣí omi fún yín?" Ìnsípẹ́tọ̀ bi í.

Ìjà tán lójú Dàda lẹ́ẹ̀kan náà. "Mi ò mọ̀," ló sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rù bà mí, mo bò ó. Mo ti pàdánù ìpín lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá tún gba méjì lọ́wọ́ mi, kí ni àwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Alàgbà Elijah ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ kíá. Ìnsípẹ́tọ̀ ti na ọwọ́ sí apá ọkùnrin náà tán kó tó rántí koríko tútù yẹn. Ó yí padà, ó rìn lọ tààrà sí oko alága, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó koríko náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹrẹ̀ ni. Bí ó ṣe rí lóko Dàda gan-an ló rí níbẹ̀.

Alàgbà Elijah ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Alága," Ìnsípẹ́tọ̀ sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ̀yin náà bá a bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọmọ mi, mo rò pé páìpù ló jò sí tèmi nìkan. Èmi alága! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ìnsípẹ́tọ̀ bi akọ̀wé náà, Tèmítáyọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jáde ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí kò ríṣẹ́ ìjọba, tó sì wá gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Tèmítáyọ̀ ní omi ìfọṣọ lòun dà sóko òun.

"Omi ìfọṣọ kún pọ́lọ́ọ̀tì kan? Aṣọ ta lo fọ̀, aṣọ gbogbo Ìlá?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti gbé àga síbi tó tutù jù, mo jókòó lé e."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìnsípẹ́tọ̀ Fọlákẹ́mi wá rin oko mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà yíká lóun nìkan, ó ń fi igi gún ilẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó parí, ó fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan.

"Jídé ló gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ fún wa," Alàgbà Elijah ṣàlàyé fún un bí ó ṣe ń lọ sídìí ọkọ̀. "Ọmọ abà yìí ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Mo ti pè é láàárọ̀. Ó ní irú kọntirólà yẹn kò sí lọ́jà mọ́, àfi kóun wá fúnra òun kóun wo ohun tóun lè fi rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́rú ló máa dé. Tí omi kò bá sì jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, oúnjẹ wa ti tán nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá. Wáyà ló ń já. Jídé wá lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó tún un ṣe. Nínú oṣù tó kọjá ó tún já, ṣùgbọ́n iṣẹ́ há a mọ́. Ó fi fídíò hàn mí lórí fóònù bí mo ṣe máa so ó. Èmi yìí ni mo so ó!" Inú baba náà dùn díẹ̀ nígbà tó rántí ìyẹn.

Ilé Màmá Jídé ni Ìnsípẹ́tọ̀ yà sí kẹ́yìn. Ilé alámọ̀ kan ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ìyá náà, opó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gúsí lára èèpo. Lórí okùn, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun méjì wà nínú oòrùn. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì tìmùtìmù síta, wọ́n sì ti lù ú dáadáa. Àkùkọ kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n fokùn so ó lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ wá jókòó. Oòrùn yìí mú."

"Ẹ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lánàá?"

"Orúnkún ò jẹ́ kí n lọ."

Ìnsípẹ́tọ̀ ń wo aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ní Ìgbájọ, ìyá tirẹ̀ náà máa ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti pè é pé, "Màmi, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," Ọjọ́bọ̀ ni màmá á ti fọ̀ ọ́ sá sórí okùn. Àìmọye Àbámẹ́ta ni kò lọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í tán. Ọdún kẹta rèé tí ìyá ti dolóògbé, ilé rẹ̀ lábẹ́ òkè ní Ìgbájọ sì wà ní títì. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ báyìí, ó dà bíi kó jókòó sílẹ̀ kó bá ìyá yìí yọ ẹ̀gúsí.

"Ta ló ń bọ̀ wá kí yín, Mà?"

"Jídé ni. Alága ní ó ń bọ̀ lọ́jọ́rú." Ojú ìyá náà tàn bó ṣe dárúkọ rẹ̀. "Ó ti tó oṣù mọ́kànlá. Ó fẹ́ràn àkùkọ tí wọ́n bá fi ẹ̀gúsí sè. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n o, ṣùgbọ́n tó bá ń jẹ ẹ́, á ṣì máa lá ọwọ́."

"Ìgbà wo lẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn síta?"

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná."

Ìnsípẹ́tọ̀ mi orí. Ó dìde. Ìyá náà bi í lẹ́yìn pé, "Ṣé Dàda lẹ máa tì mọ́lé?"

"Ó ṣeé ṣe, Mà. Gbogbo wọn ló ń nàka sí i."

Ọwọ́ Màmá Jídé dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Ìnsípẹ́tọ̀ fi wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́rú, agogo mọ́kànlá, gbogbo abà péjọ síwájú ilé ẹ̀rọ. Ewé tòmátì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Jídé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó ní, "O rù! Ṣé kò sóúnjẹ ní Ìbàdàn ni?" Jídé ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ná." Ó fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún ọlọ́kadà.

"Kò ní í pẹ́," Ìnsípẹ́tọ̀ sọ. "Ẹ jókòó, gbogbo yín. Kọntirólà kò jìnnà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ta ni omi wọ oko rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Alága wo Tèmítáyọ̀, Tèmítáyọ̀ wo òrùlé.

"Mo ti rin gbogbo oko yín o. Kò sẹ́ni tí mo máa bá gba ìpín rẹ̀. Ẹ nawọ́."

Dàda ló kọ́kọ́ na tirẹ̀, bí ẹni ń jà. Tèmítáyọ̀ na tirẹ̀. Alága gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Ni wọ́n bá ń wo ara wọn, tí ẹnu ń yà wọ́n, tí ọwọ́ sì ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mẹ́rìnlá.

"Ẹ rí i? Kálukú rò pé tòun nìkan ló tutù. Ẹ bẹ̀rù òfin yín, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ń parọ́ fún mi, ẹ sì fẹ́ kí n ti Dàda mọ́lé lórí ohun tí gbogbo yín jọ ń fi pamọ́. Ká ní ẹnìkan la ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tán lọ́jọ́ náà."

"Ṣùgbọ́n ta ló wá bomi rin gbogbo ẹ̀?" Alága bi í.

"Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn, sà. Olè tó ń wá ohun tó máa tà, sólà ló máa tú. Ọ̀tá tó fẹ́ kí ebi pa yín kò ní í bomi rin oko yín kó tó lọ. Ẹni yìí tú ohun kan ṣoṣo tí a ò lè so pọ̀ bíi wáyà, tí kò sì sí lọ́jà mọ́. Kó tó tú u, ó ṣí omi sí oko kọ̀ọ̀kan kó lè tó wọn títí di ìgbà tí ẹ̀rọ á fi ṣiṣẹ́ padà. Ó mọ ẹnu ojú omi gbogbo oko. Ó ní kọ́kọ́rọ́. Àti pé nígbà tí gbogbo yín wà ní ìkórè ní Ìlá, ilé ló wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló ti gbé bẹ́ẹ̀dì àlejò síta. Alága kò sì pe àlejò yẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Jídé ti dẹ́kun ẹ̀rín.

"Oko kan ló gbẹ nínú oko mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," Ìnsípẹ́tọ̀ sọ. Ó yíjú sí ìyá náà. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò bomi rin tiyín?"

Màmá Jídé tú ẹnu báàgì tó gbé dání. Ó mú ohun kan jáde nínú rẹ̀, ìró ni wọ́n fi wé e. Ó gbé kọntirólà sórí itan.

"Ohun tí mò ń bà jẹ́, kò yẹ kí n jẹ nínú rẹ̀," ló sọ. "Dàda, dákun, foríjì mí. Mo fẹ́ wá sọ ọ́ lánàá. Mo ní kí n kọ́kọ́ fojú kan Jídé ná."

"Màmi!" Jídé pariwo. "Wáyà tó ń já lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Èmi ni. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi gé e."

"Háà! Kí ló dé? Ẹ kàn ní kẹ́ ẹ pè mí ni!"

"Mo pè ọ́, Jídé. Mo pè ọ́ nígbà ọdún Àjíǹde. Mo pè ọ́ nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀. O máa ń ní, 'Mo gbọ́, Màmi, oṣù tó ń bọ̀.' Ọjọ́ tí mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, o ní, 'Ọjọ́ wo ni kí n wá?'"

Àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Dàda, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó máa bú ìyá náà, lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Ó ti tán."

Alága ní àwọn fa ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìnsípẹ́tọ̀ ti ìwé rẹ̀ bọ àpò láìjiyàn. Ṣùgbọ́n Tèmítáyọ̀ dìde.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́. Oúnjẹ ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹnìkan tó wà ní Ìbàdàn. Kí Bọ̀dá Jídé kọ́ mi lónìí. Bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń tò ó, gbogbo ẹ̀. Kí n sì kọ́ ẹlòmíràn. Ká má tún jókòó máa retí ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tí ata ń kú."

"Òótọ́ nìyẹn!" ni gbogbo wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Jídé ní ó dáa. Ó ṣí báàgì irinṣẹ́, ó pe Tèmítáyọ̀ sún mọ́ ògiri. Wákàtí méjì ló fi kọ́ ọ, ó ní kó tú u lẹ́ẹ̀mẹta, kó tò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin náà kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ kùn, omi sì tú jáde lẹ́nu páìpù. Àwọn àgbẹ̀ hó yèè, wọ́n tú ká lọ síbi ojú omi kálukú.

Màmá Jídé kò kúrò lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó wo omi náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà ti ń fun fèrè lójú ọ̀nà.

"Jídé."

"Màmi."

"Tèmítáyọ̀ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kí ni màá wá máa sọ pé ó bàjẹ́?"

Jídé dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ìnsípẹ́tọ̀ Fọlákẹ́mi yí ojú sí ọ̀nà, torí tirẹ̀ náà ti ń bọ̀.

Ìyá náà dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú ọmọ rẹ̀.

"Má dáhùn, ọkọ mi," ló sọ. "Wá jẹun kí o tó máa lọ."